Bí A Ṣe So Káàdì Ohùn Méjì Pọ̀ fún Ìyá Sàlámì

Ìyá Sàlámì bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí mo fi bò ó létí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Múínà, ta ni mo ń kọrin fún nínú yàrá yìí? Ògiri?"

Mo ti ní kí àwọn ìyá yòókù dúró síta sítúdíò mi. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, agboolé kan náà ni wọ́n fẹ́ wọn sí níbí ní Ṣakí, wọ́n sì ti ń kọ wákà pọ̀ láti ìgbà ìyàwó wọn. Ìyá Sàlámì ni àgbà, òun ní í dá orin, àwọn yòókù a máa gbè é. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ wá mú un lọ sí Kìsí, kó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba orin wọn sílẹ̀ kó tó lọ.

Káàdì ohùn ni àpótí kékeré tó ń gba ohùn láti ẹnu máìkì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ihò máìkì méjì péré ló wà lára tèmi. Mo rò pé mo lè gba ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó pa wọ́n pọ̀. Orin náà kú mọ́ wọn lẹ́nu. Bí mo bá sì gbé máìkì kan sáàárín gbogbo wọn, ohùn Ìyá Sàlámì, tó ti rẹlẹ̀, yóò rì sábẹ́ tàwọn yòókù, kò sì ní ṣeé fà yọ mọ́.

Ni mo bá pe Lásún, tó ní sítúdíò tirẹ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn. Oníbàárà kan náà ni àwa méjèèjì ń dù, n kò retí pé yóò gbà. Kò pẹ́ tó fi gun ọ̀kadà dé, káàdì tirẹ̀ nínú báàgì láyà rẹ̀.

"Iṣẹ́ tìrẹ ńkọ́?" mo bi í.

"Tèmi lè dúró. Màmá ń lọ lọ́la."

A so káàdì méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà, a ní kó kà wọ́n sí ẹyọ kan. Ihò di mẹ́rin. Àwọn ìyá jókòó kojú ara wọn, a pa fáànù nítorí ariwo rẹ̀, òógùn bò wá. Wọ́n kọrin, ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ ohun tí a gbà, kí orin tó parí, ohùn méjì ti ṣáájú, méjì ń wọ́ tẹ̀lé wọn.

Ìyá Àfúsá, àbúrò wọn pátápátá, bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé èmi ni mo máa ń pẹ́ tó báyìí?"

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Àwọn káàdì wọ̀nyí ni kò bára mu."

Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀ tó fi ń ka ohùn, aago méjì kì í sì í rìn dọ́gba. Lásún fi wáyà kan so káàdì kan mọ́ èkejì, kí ọ̀kan lè máa fi aago ìkejì rìn. Ó ní tèmi ni kí n fi ṣe olórí.

"Mo rò pé wàá ní tìrẹ ni."

"Ilé rẹ la wà."

Wọ́n tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn pọ̀ títí dé òpin.

Èmi àti Lásún ti jọ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù. Nígbà tí wọ́n kọrin tán lọ́jọ́ náà, Ìyá Sàlámì ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn òun nìkan. Mo pa àwọn yòókù. Ó tẹ́tí, ó di ìbòrí rẹ̀ mú.

"Ó ti gbó," ló wí.

"Ó ṣì dùn, mà."

"Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dá àwọn ìyàwó mi padà síbẹ̀."

Mo gbé ohùn wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Sàlámì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kó gbe orin rí, di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè pẹ̀lú wọn.