Obìnrin Tí Kọ̀ǹpútà Fẹ́ Yọ Kúrò

Mo rántí bí ẹ̀yìn ṣe máa ń ro mí nígbà náà, nítorí ọmọ tí mo pọ̀n kò fẹ́ kí n jókòó, iṣẹ́ mi kò sì ṣeé ṣe lórí ìdúró. Àwọn elétò ìlera kan ló gba yàrá ní Ìjerò, tí wọ́n ní ká máa bi àwọn ìyálọ́mọ léèrè ta ni wọ́n ń sáré lọ bá bí ara kò bá yá. A ó tẹ orúkọ wọn àti ti àwọn tí wọ́n dá fún wa sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ ẹnì kọ̀ọ̀kan di àmì roboto, tó sì ń fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹni dé ọ̀dọ̀ ẹni, títí gbogbo abúlé yóò fi dà bí àwọ̀n. Ẹni tó bá wà nínú àwòrán náà ni nọ́ọ̀sì yóò lọ bẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà náà ti fi nǹkan tuntun sí i, ká dán an wò, ká sọ èrò wa. Àpótí ìbéèrè kékeré kan ni. Yóò yọ sójú kọ̀ǹpútà, yóò béèrè bóyá kí òun yọ àwọn tí ìlà kankan kò kàn kúrò. Wọ́n tilẹ̀ ti bá wa mú "bẹ́ẹ̀ ni" sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ó dára. Èmi náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo rò pé ẹni tó bá ti bímọ kan ti gbọ́n tán. Ó ti rẹ̀ mí, wàrà ti rin aṣọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, àwòrán náà mọ́ rekete. Mo wò ó títí, n kò rí obìnrin kan tí mo ti bi léèrè ní Ayétòrò.

Ìyàwó tuntun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Nígbà tí mo bi í ta ló ń ràn án lọ́wọ́, ó ní Akọ́wé, ó ní Ìbàdíàrán, ó ní Bàbá Kékeré. Mo ní orúkọ gidi là ń fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ìyàwó ulé ni mí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?" Mo fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Obìnrin yìí wọṣọ, kọ̀ǹpútà ló ń wò ó bí ẹni tó wà níhòòhò.

Mo pe ọ̀gá. Ó ní ẹnì kan péré ni, ó sì ń ba ojú àwòrán jẹ́. Ó fi mí ṣẹ̀sín pé ọmọ ẹ̀yìn mi ló ń bá mi ronú.

"Ó lè jẹ́ òun ni, sà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ obìnrin yìí, nọ́ọ̀sì ò ní mọ̀ pé ó wà láyé."

Ó ní kí n sọ tèmi, òun á kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má ṣe bá wa dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi wá. Kí àpótí náà kọ́kọ́ fi àwọn tó fẹ́ yọ hàn wá. Kí wọ́n sì jẹ́ ká kọ orúkọ tí ìyàwó ń pe ará ilé ọkọ rẹ̀.

Àwọn aṣètò dúpẹ́, wọn ò sì yí nǹkan kan padà títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ara wa la fi ń mú "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n mo ti dá obìnrin náà padà sínú àwòrán, nọ́ọ̀sì sì dé Ayétòrò. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ti ru sókè, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì padà sílé lálàáfíà. Nọ́ọ̀sì ní lójú ọ̀nà, obìnrin náà ń bi òun pé, "Ta ló dárúkọ mi fún yín?"

Mo ti bí èkejì báyìí, ó sì ṣì ń rẹ̀ mí. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fún un lọ́mú, mo máa ń ro àwọn tó lè dárúkọ mi bí ẹnikẹ́ni bá béèrè. Wọn ò pọ̀. Ìyá ọkọ mi wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Ìyàwó" nìkan ló ń pè mí.