Àwọ̀ Pupa Tí Mo Rà ní Balógun

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láàárín àwọn ọdún 1950, ni mo fẹ́ sọ. Kò dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó, mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Agbo ilé ọkọ mi kò jìnnà sí Adéníjì Adélé. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló máa ń dáná bí ìnáwó bá wà nílé. Súwíìtì àgbọn ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á sè é pẹ̀lú ṣúgà títí á fi ki, wọ́n á wá pín in sí méjì: ìdajì funfun, ìdajì pupa.

Ẹ má rò pé àwọ̀ inú ìgò tí ẹ ń rà lónìí ni o. Pòròpórò ọkà bàbà ni Ìyá Àgbà ń lò, èyí tí àwọn oníwàrà fi ń sọ wàrà di pupa. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí omi náà á fi pọ́n, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sí àgbọn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ kan nílé wa ṣe wọlímọ̀, torí pé ó ti ka Kùránì parí, Ìyá Àgbà ní kí n lọ ra pòròpórò wá ní Obálẹ́ńdé. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú mi. Ẹsẹ̀ mi wú, oòrùn sì mú. Ọjà Balógun ni mo dé tí ó rẹ̀ mí pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá kan tó ń ta aró oríṣiríṣi àwọ̀ nínú agolo. Mo bi wọ́n bóyá èyí tó pupa ṣeé fi sí oúnjẹ. Bàbá náà ní àwọn tó ń pa aṣọ láró ló ń rà á, àmọ́ àwọn èèyàn kan máa ń fi díẹ̀ sí nǹkan jíjẹ, òun ò sì tíì gbọ́ pé ó ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ṣé kò yẹ kí n ti ibẹ̀ kọjá lọ? Ó yẹ. Mo rà á, wọ́n fi bébà wé e, mo padà sílé.

Ìyá Àgbà tú bébà náà, wọ́n wò ó títí.

“Èyí kì í ṣe pòròpórò.”

Mo ní pòròpórò ti tán ní Obálẹ́ńdé, pé èyí ni wọ́n ní kí n mú dípò rẹ̀.

“Ṣé ti oúnjẹ ni?”

“Ti oúnjẹ ni, Màmá.”

Wọ́n gbà mí gbọ́. Mi ò purọ́ fún wọn rí.

Súwíìtì ọjọ́ wọlímọ̀ náà pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lára àwọn tó jẹ ẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bí. Ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì ti padà wá ń gbé ilé bàbá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin náà. Ráfátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwa ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Ó máa ń jókòó tì mí bí mo bá ń ṣa ìrẹsì. Lọ́jọ́ náà ó wá yọ ahọ́n rẹ̀ tó ti pọ́n hàn mí, a jọ rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo tún fún un ní méjì sí i.

Kó tó di ìrun alásárì, ọmọ mẹ́rin ti ń bì. Ara àwọn mẹ́ta yòókù balẹ̀ nígbà tó yá. Ti Eyínfúnjowó kò dáwọ́ dúró. Ara rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ ṣú. Ọkọ mi gbé e lé èjìká, a sáré lọ sí ọsibítù. Dókítà béèrè ohun tó jẹ. Ìyá Àgbà ní súwíìtì tí àwọn sè ni, pé àwọn fi àwọ̀ sí i. Dókítà ní irú àwọ̀ wo? Ìyá Àgbà bojú wò mí. Mo wolẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn ò mọ̀.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ọmọ náà fi kú.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, Ìyá Àgbà pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

“Sọ òótọ́ fún mi. Níbo lo ti rà á?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní:

“Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé ọ jáde tòyún-tòyún. Èmi ni mo sè é. Bó ṣe máa wà nìyẹn.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbọ́ ọ: mo dúpẹ́.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ní kí Ìyá Àgbà wá dáná ìnáwó. Bí ọmọ aládùúgbò bá ń kọjá níwájú wọn, ìyá rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ sápá kejì. Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọn ò pariwo. Ńṣe ni wọn ò jẹun lọ́wọ́ ìyá wọn mọ́. Bí Ìyá Àgbà bá gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí yàrá wọn, bí abọ́ náà ṣe lọ náà ló ṣe máa padà, ìdérí lórí rẹ̀. Èmi ni wọ́n sábà máa ń fi rán. Èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi ni mò ń gbé e bọ̀, mi ò sì lanu.

Mo bí obìnrin. Ìyá Àgbà ló ń wẹ̀ ẹ́ fún mi.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n kú. Ọjọ́ tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán ni mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní yàrá. Wọ́n ń ká ìró ìyá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń ká aṣọ náà lọ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Nígbà tí Màmá ń kú lọ, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Mo ní kí ẹlòmíràn fún wọn.”

Wọ́n ní kí n dìde, kí n máa lọ. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. A jọ gbé ilé yẹn pẹ́ lẹ́yìn náà. Mo ń kí wọn, wọ́n ń jẹ́ mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni mo rí kọ́? Bí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú nǹkan, ẹ má gbé e fún ọmọ jẹ. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó ń bá yín ru ẹ̀bi rẹ̀ ṣì wà láyé. Èmi dúró títí ọ̀rọ̀ mi ò fi lè ṣe Ìyá Àgbà láǹfààní kankan.

Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tó ti jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹrù rẹ̀ rí? Báwo lẹ ṣe sọ ọ́ kalẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, màá kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ná.