Bí Mo Ṣe Ra Abẹ́rẹ́ Màlúù fún Àwọn Ọmọ Ọwọ́

Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ikọ̀ oníṣègùn mẹ́rin ló wà ní Minna nígbà náà, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ogúnléndé tí àwọn agbébọn lé kúrò lábúlé wọn. Èmi ni mo ń bójú tó ẹrù àti ọkọ̀ fún ikọ̀ tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ mi kò ju kí n mọ iye páálí ìbọ̀wọ́ tó kù, kí n sì rí i pé dẹ́rẹ́bà wa jẹun kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n mo ní fóònù, mo ní dátà, mo sì fẹ́ràn ohun tí kò kàn mí.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ọwọ́ àwọn oníṣòwò mẹ́ta kan náà ni ikọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń rajà, wọn kì í sì í sọ fún ara wọn. Ikọ̀ kan á ra gbogbo ìbọ̀wọ́ tó wà nílùú tán lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó bá di Ọjọ́rú, ikọ̀ kejì á máa wá ìbọ̀wọ́ dé Suleja. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí bí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ṣe lè ra ohun èlò ìlera pa pọ̀. Mo ń wo fídíò rẹ̀ tí mo bá ń jẹun, títí ìyàwó mi fi ní òun ti mọ ohùn òyìnbó inú fídíò yẹn ju ohùn àbúrò òun lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo gbé ètò kan síwájú wọn, mo pè é ní àjọrà: ìwé kan, olùrà kan, ọkọ̀ kan. Wọ́n gbà. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Fọ́ọ̀mù tí mo ṣe fún àjọrà náà ní òpó mẹ́rìnlá tí a ó máa kọ nǹkan sí. Mo fi ike bo ẹ̀dà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa ní Bosso, mo sì máa ń dúró wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ dé orí kánúlà. Kánúlà ni ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní abẹ́rẹ́ nínú, èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún sí iṣan aláìsàn kó tó lè fa omi sí i lára. Ìwọ̀n rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àwọn nọ́ọ̀sì sì máa ń fi àwọ̀ pè é: yẹ́lò, pínkì, gíríìnì. Mo dìde.

“Ẹ má bínú o,” mo ní, “àwọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n. Láti òní lọ, nọ́ńbà nìkan.”

Mo sì yọ òpó àwọ̀ kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Mátírọ́ọ̀nù ikọ̀ kejì wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá rẹ̀ wá sí Minna láti Ọ̀fà. Ó gba orí gíláàsì rẹ̀ wò mí. Mo kà á sí ìyìn.

Kò pẹ́ tí òjò ńlá kan rọ̀ ni onígbáméjì wọ àgọ́ ogúnléndé tó jìnnà jù. Àwọn ọmọdé ló ń mú jù. Wọ́n ń yàgbẹ́, wọ́n ń bì, omi ara wọn ń tán, tí ọmọ kò bá sì lè mu omi mọ́, àfi kí wọ́n tètè fà á sí i lára. Ikọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ìwé ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì kọ ohun kan náà: kánúlà nọ́ńbà 24 fún àwọn ọmọdé, nọ́ńbà 18 fún àwọn àgbà. Tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ páálí mẹ́rìndínlógún fún ọmọdé àti mẹ́rin fún àgbà, àádọ́ta ẹyọ nínú páálí kọ̀ọ̀kan.

Mo wo ìwé náà, àánú wọn ṣe mí. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò ti bàbá mi ni mo dàgbà sí. Sípánà 10 ni ti bóòtù kékeré, sípánà 19 ni ti bóòtù ńlá. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ṣì í gbé, ó máa gba ìfọ́tí. Báwo wá ni abẹ́rẹ́ ọmọdé ṣe máa jẹ́ 24, kí ti àgbà jẹ́ 18? Kò wá sí mi lọ́kàn pé bí ẹni mẹ́rin tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ bá kọ ohun kan náà, ẹni karùn-ún ló yẹ kó tún ojú nù. Mo gbà pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣèèṣì. N kò sì fẹ́ dójú tì wọ́n, n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo fi 18 sí ti ọmọdé, mo fi 24 sí ti àgbà, mo fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò wa.

Oníṣòwò náà, Àlàájì kan tó ń kó oògùn wá láti Kano, pè mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo fi ìwé olójú-ewé àádọ́rin kan lórí àjọrà ránṣẹ́ sí i pé kó lọ kà á.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹrù dé ibi tí a ń kó ọjà sí ní Maitumbi. Ọkọ̀ máa gbéra lọ sí àgọ́ ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni àwọn ṣọ́jà lè sìn wá gba ọ̀nà náà, ó sì di ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n tó tún sìn wá. Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló ṣí páálí àkọ́kọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí lèyí?”

“Ti àwọn ọmọdé ni, Mà. Nọ́ńbà 18.”

“Ta ló kọ 18?”

“Èmi ni, Mà. Ẹ kọ 24, ni mo bá bá yín tún un ṣe.”

“O bá mi tún un ṣe.”

“Gbogbo yín lẹ jọ ṣe àṣìṣe kan náà, Mà. N kò wá fẹ́ kó di ariwo.”

Ó jókòó lórí páálí omi. Ó já gíríìnì kan, ó já yẹ́lò kan, ó ní kí n na ọwọ́ mi. “Mi ò ní gún ọ,” ó ní, “bó tiẹ̀ tọ́ sí ọ.” Ó tẹ́ àwọn méjèèjì sórí ọrùn ọwọ́ mi. Yẹ́lò, tó jẹ́ 24, tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Gíríìnì, tó jẹ́ 18, fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo padà wọ̀n wọ́n nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

“Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí omi ti tán lára rẹ̀, iṣan rẹ̀ ò ju òwú lọ. Èwo lo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi wá a nínú méjèèjì?”

Mo tọ́ka sí yẹ́lò.

“Páálí mélòó lo rà nínú rẹ̀?”

“Mẹ́rin, Mà.”

“Àbí o gbọ́ pé màlúù ló ń ṣàìsàn ní àgọ́ ni?”

Mo pe Àlàájì. Ó ní òun lè gba gíríìnì padà, ṣùgbọ́n yẹ́lò di ọjọ́ mẹ́fà kó tó dé láti Kano. “Haba,” ó ní, “mo bi ọ́ léèrè, o ní kí n lọ kàwé. Mo ti dé ojú ewé kẹsàn-án.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn mi fún ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń wé wáyà inú jẹnẹrétọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Wáyà náà bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Nọ́ńbà 18 nípọn ju 24 lọ. Ọmọ mi, ọdún mélòó lo fi jókòó síbí, o ò bi mí ní nǹkan kan?”

Mátírọ́ọ̀nù ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní àwọn ọsibítù aládàáni tó wà nílùú, àgbà ni wọ́n ń tọ́jú jù, gíríìnì ló ń tètè tán lọ́wọ́ wọn, yẹ́lò sì ń jókòó lórí pẹpẹ. Ká lọ pààrọ̀, páálí kan sí páálí kan. A nílò páálí méjìlá. Ó fi àdéhùn kan sí i: ní gbogbo ibi tí a bá dé, èmi ni mo máa sọ ìdí rẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, a háyà kẹ̀kẹ́ kan, èmi pẹ̀lú gíríìnì lórí itan mi, Mátírọ́ọ̀nù pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ní ọsibítù àkọ́kọ́, ní Bosso, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtumọ̀ àjọrà, mo dé orí bí òpó mẹ́rìnlá ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú oògùn wọn sì ń wo aago. “Gé e kúrú,” Mátírọ́ọ̀nù ní. Níbi kejì mo ní ìṣòro ètò ló ṣẹlẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wúkọ́. Mo ní èmi ni ìṣòro ètò náà. Nígbà tí a dé Sauka Kahuta, ó ti di gbólóhùn kan: “Mo rò pé abẹ́rẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ló máa tóbi.” Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Mátírọ́ọ̀nù kọ́ níṣẹ́. Ó pe àwọn méjì mìíràn jáde láti yàrá inú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, sà. Àwọn wọ̀nyí ò gbọ́.”

Mo tún un sọ. Wọ́n fún wa ní páálí mẹ́ta. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ wa kò jẹ́ kí n ṣe wàhálà mọ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó á ti fi Hausa ròyìn mi fún máígádì, máígádì á sì fi ẹ̀rín ṣí géètì.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, a ti ní páálí mẹ́sàn-án àti ẹyọ mẹ́tàdínlógójì. Ó ku mẹ́tàléláàádọ́fà. Kò sí ọsibítù tó kù tí a kò tíì lọ. Mátírọ́ọ̀nù ní ká dúró níbi ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Maitumbi. Ó fẹ́ ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti imú ọmọ bọ inú ikùn rẹ̀. Ọmọ tí a kò bá rí kánúlà fún, tí kò sì lè gbé omi mì, a lè máa fi rọ́bà yẹn fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. Mo ti kọ́gbọ́n. Mo bọ́ síwájú, mo sọ fún ẹni tó ń tà:

“Fún wa ní nọ́ńbà 16. Ti ọmọdé la fẹ́. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ló ń tín-ín-rín.”

Ọkùnrin náà wo Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù wo òkè.

“Nọ́ńbà 8,” ó sọ fún un. Ó yíjú sí mi. “Ti rọ́bà, nọ́ńbà ńlá, rọ́bà ńlá.”

“Kí ló wá dé tí ti abẹ́rẹ́ fi—”

“Wọlé sínú kẹ̀kẹ́.”

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ gbéra. Mátírọ́ọ̀nù ti fi máákà kọ YẸ́LÒ àti GÍRÍÌNÌ gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́tàléláàádọ́fà kò sì yé dín. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, mo ń bá àwọn ọmọ tí n kò rí rí jà lórí ìṣirò: tí ọjọ́ kan bá gba ọgọ́rùn-ún, yóò tán lọ́jọ́ keje, tí ó bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ìyàwó mi pa fídíò òyìnbó náà, n kò bá a jà.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Sátidé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà mí láyè láti bá nọ́ọ̀sì tó wà ní àgọ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá yẹ́lò ti tán.

“Kò tíì tán, sà. Àwọn tuntun tó ń wọlé ti ń dín kù. Rọ́bà imú yẹn sì ń ràn wá lọ́wọ́.”

“Kò sí ọmọ tí ẹ ò rí nǹkan fún?”

“Kò sí.”

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní: “Ẹyọ mélòó ló kù gan-an? Mo fẹ́ fi sínú fọ́ọ̀mù.”

Mo gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹkún tó dún ketekete, tó ní agbára nínú.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ṣé kí n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí n máa ka ike ni?” Ó sì pa fóònù.

Mo jókòó sí iwájú fọ́ọ̀mù mi, mo mú bírò. Òpó tó yẹ kí iye náà wà, mo fi í sílẹ̀ lófìfo.