Dírágónì Tí Àǹtí Mi Fi Sọ́wọ́ Mi

Nígbà tí àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ń múra àtilọ sí Oman láti lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ohun tó ṣòro fún un jù láti fi sílẹ̀ kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe bàtà. Ẹ̀rọ géèmù kékeré kan ni, irú èyí tó ṣeé kì bọ àpò, tó rà ní àlòkù ní Ìbàfò nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Nínú géèmù yẹn, èèyàn á máa rìn kiri inú igbó àti orí òkè, á máa mú oríṣiríṣi ẹ̀dá abàmì, á máa tọ́ wọn, á sì máa kó wọn lọ jà. Àǹtí mi mú wọn tó àádọ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ràn, ìyẹn dírágónì kan tó tọ́ láti inú ẹyin.

Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó rí bí aláǹgbá tí òjò pa. Kò lè fò, kò lágbára, gbogbo ìjà ni wọ́n ti ń lù ú. Àwọn tó mọ géèmù náà kì í yan irú rẹ̀, torí ó máa ń pẹ́ kó tó dàgbà. Àǹtí mi kò fi í sílẹ̀. Bó bá ti ibi ìkọ́ṣẹ́ dé, á jókòó sórí àga onígi níwájú ilé wa ní àdúgbò Lotto, á máa mú un lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó yọ ìyẹ́, ó sáré wá fi hàn mí ní kíṣìnnì. Dírágónì náà ti di ńlá, ara rẹ̀ dúdú bí aró, àyà rẹ̀ funfun.

Ó ní, "Wò ó. Pẹ̀lú gbogbo ìyà tó jẹ yẹn, kò bínú sí mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó fi ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. Kíláàsì kẹrin ni mo wà nílé ìwé girama nígbà yẹn. Ó ní kí n máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n má jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ bà jẹ́, kí n má sì fi dírágónì òun ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ó ń pè wá déédéé. Lẹ́yìn náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ajẹ́ǹtì tó mú un lọ kò wọlé mọ́. Màmá wa, tí wọ́n ń ta òkìrìkà létí títì márosẹ̀, pa ọjà tì. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń ti ibi àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sì gbẹ débi pé ìró bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nídìí wọn.

Ìyá kan tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà kékeré ládùúgbò wa wá kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ mi. Ìyá náà bi mí pé kí lèyí, èmi náà ò sì ro nǹkan kan, mo ní dírágónì àǹtí mi ni. Wọ́n wá sọ fún Màmá pé nínú Ìwé Ìfihàn, dírágónì pupa, Sátánì gan-an ni, ohun tó ń dúró de ọmọ láti gbé mì. Wọ́n ní kí Màmá ro ọmọ tí wọ́n ń wá nínú ilé yìí.

Mo ní tiwa kì í ṣe pupa.

Nígbà tí ìyá náà lọ, Màmá jókòó tì mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n lé ohun náà lọ. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ká kàn gbé ẹ̀rọ náà pa mọ́.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé géèmù ni. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá ṣe é, tí nǹkan bá wá ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ, báwo ni mo ṣe fẹ́ fara dà á?"

Nínú géèmù yẹn, ẹ̀dá tí èèyàn bá lé lọ kì í padà mọ́. Ẹ̀rọ náà bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Màmá ń wo ìka mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Dírágónì náà yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò lọ. Màmá ṣe àmín wúyẹ́wúyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà àjèjì kan pè, èmi ni mo gbé e. Àǹtí mi ni. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti inú balùwẹ̀, fóònù ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn ló yá. Ó ní àwọn tí òun ń ṣiṣẹ́ fún ti gba fóònù àti pásípọ́ọ̀tù òun, pé kí Màmá bá òun wá ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń fẹjọ́ irú nǹkan báyìí sùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Dírágónì mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà, àǹtí mi."

"Ṣé ò ń tọ́jú ẹ̀?"

"Mò ń tọ́jú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìpè náà sì já.

Màmá gbà pé lílé tá a lé dírágónì lọ ló jẹ́ ká gbóhùn rẹ̀. Mi ò lè jiyàn.

Ó tó oṣù mẹ́jọ sí i kí àǹtí mi tó padà wálé. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ti ṣẹ́ ẹ lọ́hùn-ún, wọn ò sì tò ó dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè ẹ̀rọ rẹ̀. Ó yẹ gbogbo ibi tí àwọn ẹ̀dá náà máa ń wà wò, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Màmá ni wọ́n sọ fún un.

"Èmi ni mo ní kó lé e lọ. Mo rò pé mò ń gbà ọ́ là ni."

Àǹtí mi ní, "Mo ti gbọ́, Màmá."

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ. Ó bi mí bóyá dírágónì náà ti lọ lọ́jọ́ tó pè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Bí wọ́n bá ti ń lù mí, ohun tí mo máa ń rò ni pé ó wà lọ́wọ́ rẹ. Ó yẹ kó o sọ fún mi."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó gba aṣọ kan lọ́wọ́ mi, ó gbìyànjú láti fún un, kò rí i fún. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́.

Ìfọ̀ ló ń gbé báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gba irun dídì mọ́, irun àtàṣímẹ́ǹtì ló ń tà. Lọ́dún tó kọjá, mo fi oṣù mẹ́ta tọ́ òmíràn láti inú ẹyin, irú kan náà, títí tó fi yọ ìyẹ́, mo sì gbé e lọ fún un. Ó wò ó dáadáa. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n òun ò mọ èyí. Ó dá a padà fún mi, ó sì lọ dá oníbàárà lóhùn.

Màmá ṣì máa ń jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe mú ọmọ wọn padà wálé. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ ti dírágónì sí i. Wọ́n ti ń fo ibẹ̀ báyìí.