Ìlà orí Ìbéèrè Kẹrìnlá

Nínú gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Ìyá Onírúlà. Orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, torí rúlà onípákó tó máa ń wà lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí aláìsàn tó jókòó síwájú rẹ̀, á ti fi rúlà fa ìlà sórí ìbéèrè tí kò bá já mọ́ nǹkan lójú tiẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè. Èyí tó kórìíra jù ni ìkẹrìnlá, tó ń béèrè bóyá aláìsàn ń mu àgbo tàbí ó ń jẹ nǹkan ìbílẹ̀ kan fún ìwòsàn, tàbí ó ń gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sára láìsí oògùn nínú ẹ̀, tàbí wọ́n ń fi òróró ra á lára.

Ó ní kí ni wọ́n ń béèrè ìyẹn sí. Ẹni tí ọta ìbọn bà, tí wọ́n fi irin to eegun rẹ̀ pọ̀, ṣé omi ewé ló máa wò ó sàn? Ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn bàbá yẹn ní eré ìmárale ti gbìyànjú títí láti yí i lọ́kàn padà. Ó ní àwọn tó ń dijú mí sókè mí sílẹ̀ pẹ̀lú òun ti ń rí oorun sùn. Ìyá Onírúlà ní ta ni kì í sùn tó bá dijú. Apoògùn ò dá sí àríyànjiyàn wọn, ohun tó máa ń sọ kò ju kí wọ́n ṣáà máa bi wọ́n. Ta ló dá a lóhùn? Orí kunkun obìnrin yẹn, ẹ máa fi sílẹ̀ jàre.

Ibi tí wọ́n wà rèé tí Sájẹ́ǹtì fi dé. Orúnkún ni tiẹ̀. Àjà kẹta ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọdún méjì ló sì ti ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn bí ọmọ ọwọ́, ọkùnrin tó ti kó ọmọ ogun lẹ́yìn rí. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi retí kí iṣẹ́ abẹ kàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kàn án, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ò gbẹ. Òwú àkọ́kọ́ rin, ìkejì rin. Èsì àyẹ̀wò dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dì bó ṣe yẹ. Ó ti dá oògùn oníhóró rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Nígbà tí dókítà oníṣẹ́ abẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ló sọ pé láti oṣù mẹ́ta lòun ti ń jẹ aáyù tútù tòun ti ata ilẹ̀ láràárọ̀. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fà á.

Ó ṣí fáìlì, ó rí ìlà lórí ìbéèrè kẹrìnlá, ó rí ibi tí Sájẹ́ǹtì tọwọ́ bọ̀wé sí nísàlẹ̀. Ó rò pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fàlà yẹn, inú bí i. Ó ní òun kì í gbé ọ̀bẹ sí ẹni tó bá ń parọ́ fún òun, kí wọ́n dá a padà sí ìsàlẹ̀ ìwé orúkọ àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ. Oṣù mẹ́rìnlá míì nìyẹn, àti àtẹ̀gùn yẹn. Sájẹ́ǹtì ò janpata. Ó kàn ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìyá Onírúlà dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ òwú ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́. Ó ku ọdún mẹ́rin kóun náà fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fún un níwèé wá-wí-tẹnu-ẹ rí. Tó bá dákẹ́, ó parí. Ó rọra sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti fa ìlà síbẹ̀ kí n tó jókòó, mà. Sójà kì í kọ nǹkan síbi tí ọ̀gá bá ti fàlà."

Ojú ti Ìyá Onírúlà débi pé etí rẹ̀ gbóná. Dókítà ti mú bírò báyìí, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí wọ́n dá a padà.

"Dókítà, ọkùnrin yìí ò parọ́," ló wí. "Èmi ni mo fàlà yẹn. Mi ò bi í."

Dókítà wò ó, ó béèrè iye èèyàn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní gbogbo wọn. Òtítọ́ korò lóòótọ́, àmọ́ ó ti já bọ́. Dókítà dé bírò rẹ̀, ó ní kí Sájẹ́ǹtì má fẹnu kan aáyù fún ọ̀sẹ̀ méjì kó padà wá, àyè rẹ̀ ṣì wà. Kó tó di ọ̀sán, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ti dé ọwọ́ Ìyá Onírúlà, wọ́n sì ní kó fi fóònù pe gbogbo àwọn tó fàlà fún, kó bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ó mú ìwé ìbéèrè tuntun, ó jókòó ti Sájẹ́ǹtì tó ń wọ bàtà, ó sì ka ìbéèrè kẹrìnlá sí i létí látòkè délẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo fi ṣe sójà," ni bàbá náà wí, "mi ò rí ọ̀gá tó gba ẹ̀bi lójú wa rí."

Ló bá tọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó yọ ìgò kan tí àgbo dúdú kún dé ìdajì rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé náà.

"Eléyìí náà wà níbẹ̀, mà. Mi ò sọ tiẹ̀ fún dókítà."