Eyín Tí A Gbìn Sẹ́nu Ìyàwó Mi

Mo rántí ìgbà tí eyín iwájú ìyàwó mi kan yọ, tí kò sì gbà láti lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Mowe mọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ń ṣáájú orin jáde lẹ́nu òun. Dókítà eléyín kan ní Ìbàfò, ọmọbìnrin tí a lè bí lọ́mọ, ṣàlàyé pé òun yóò ri irin kékeré kan mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi gbòǹgbò, òun yóò sì gbé eyín tuntun lé e. Bí egungun kò bá di irin náà mú, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, orin sì tán.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, dókítà fún un ní oògùn apakòkòrò mu kí ó tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Nígbà tó ri irin náà tán, ó ní, "Màmá, oògùn tí ẹ mu yẹn ti tó o. Ara yín le. Bó bá wú tàbí tí ara yín bá gbóná, èmi ni kẹ́ ẹ wá bá, kì í ṣe oníkẹ́mísì."

Ládùúgbò wa, a kì í rí egbò ká má tú kápúsù apakòkòrò, ká da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin dé láti Ifọ̀, kápúsù sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kí i tán.

"Ya ẹnu, jẹ́ n dà á sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi, dókítà ní èyí tí mo mu ti tó."

"Àánú náà rèé lọ́wọ́ mi! Ìwọ àti ọmọ àná yẹn, ẹ ó jọ sunkún eyín ni."

Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé ni ẹ̀rù bà jù. Mo ní kó gbà díẹ̀, kí ọkàn lè balẹ̀.

Ìyàwó mi bi mí pé, "Dádì, ọkàn ta ni? Tèmi àbí tiyín?" Ó pa ẹnu mọ́ gbọn-in.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà fọwọ́ mi irin náà wò, kò mì rárá. Ó gbé eyín lé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi lé orin títí gbogbo ìjọ fi dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fò sókè.

Nígbà tó yá, àìsàn tí kò kan eyín rárá ló mú ìyàwó mi lọ. Eyín náà kò yẹ̀ títí dọjọ́ náà. Bí mo bá lọ sí Ifọ̀ báyìí, mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń lé àwọn ará ilé kúrò nídìí kápúsù: "Ẹ lọ bá dókítà! Àbúrò mi ò dà á sẹ́nu, ó sì fi eyín yẹn fọ́ eegun!" Mo mọ ìtàn náà jù ú lọ, síbẹ̀ mo máa ń jókòó, kí ó sọ ọ́ tán.