Láptọ́ọ̀pù Tí A Yàn fún Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Sìdíkátù

Kí Sìdíkátù tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti gbà pé mo mọ láptọ́ọ̀pù í tà. Ọ̀gá Bùsàrí ló ni ṣọ́ọ̀bù, lójú ọ̀nà Politẹ́kíníìkì ní Ẹdẹ níbí, èmi sì ni igbákejì wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Èyí tó bá ń tàn yanranyanran ni wọ́n máa ń nawọ́ sí, èmi náà á sì gbé e fún wọn.

Ọmọbìnrin yìí gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá ti ní kí n yí àwòrán ẹ̀rọ tí mò ń yà sínú rẹ̀, ṣe ló máa dúró gbagidi."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń ṣe gàrí ní Alájùẹ, ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ láti kékeré. Sìdíkátù wá ń ya ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn bẹ ẹ́. Jórinjórin tí yóò rọ ọ́ ti ń retí àwòrán náà, kò sì ní í fọwọ́ kan irin títí yóò fi rí àwòrán ẹ̀rọ náà yípo lójú kọ̀ǹpútà, níwá lẹ́yìn. Kò jẹ̀bi. Irin tí a bá gé ní àṣìṣe, ta ni yóò dá a padà?

Mo fa èyí tí iná àwọ̀ mèremère wà lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ jáde. "Èyí lo máa mú. Àwọn tó ń gbá géèmù ló ń jà á gbà."

Ọ̀gá Bùsàrí wúkọ́. Mo mọ ìtumọ̀ ikọ́ yẹn.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí fún Sìdíkátù, "ṣé àwòrán náà wà lọ́wọ́ ẹ? Òun ni kó sọ èyí tó fẹ́ fún wa."

Wọ́n wá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní yíya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Káàdì àwòrán, tí à ń pè ní gíráfíìsì, ló ń ṣe é. Láptọ́ọ̀pù mìíràn ò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, gíráfíìsì kékeré tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ ló ń lò, èyí sì tó fún lẹ́tà títẹ̀ àti fíìmù wíwò. Ṣùgbọ́n àwòrán tí irin àti bóòtì tó so wọ́n pọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú ń fẹ́ káàdì tó dá dúró, tó ní mẹ́mọ́rì tara rẹ̀, tí àwọn tó ṣe ètò ìyàwòrán inú kọ̀ǹpútà sì ti dán wò.

A ki fílááṣì tó kó àwòrán rẹ̀ sí bọ láptọ́ọ̀pù ẹlẹ́wà tí mo fà jáde. Àwòrán yí lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìlà rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ń pòórá. Ọ̀gá gbé láptọ́ọ̀pù dúdú kan sílẹ̀, àlòkù tí kò lẹ́wà rárá, tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹnjiníà. Ojú tì wá: àwòrán náà ń wọ́ lórí òun náà bíi ti láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni mo wí.

Sìdíkátù gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Kò gbóná. Fáànù rẹ̀ ò dún. Bí káàdì ńlá yẹn bá ń ṣiṣẹ́, ṣé ó yẹ kó tutù báyìí?"

Ọ̀gá Bùsàrí wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ inú sẹ́tíńgì. Òótọ́ ni! Nítorí kí bátìrì má baà tètè tán, ẹ̀rọ náà ti gbé iṣẹ́ fún gíráfíìsì kékeré, ó fi káàdì ńlá sílẹ̀ kó máa sùn. Wọ́n ní kó jẹ́ káàdì ńlá ni ètò ìyàwòrán yóò máa lò. Fáànù dún. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ọmọ yìí, orí ẹ pé," ni Ọ̀gá wí. Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò gbọ́ kí wọ́n yin ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Sìdíkátù ò tilẹ̀ gbọ́. Ó ń yí àwòrán rẹ̀ lọ, ó ń yí i bọ̀, ló bá pariwo. Ẹsẹ̀ irin kan dábùú ẹnu ibi tí ẹ̀gẹ́ yóò gbà jáde! Lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́, kò rí ẹ̀yìn ibẹ̀ rí. Ó fa àga, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó sì tún un ṣe, kó tó ra láptọ́ọ̀pù dúdú náà lọ bá jórinjórin.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà ní Alájùẹ, èmi àti Ọ̀gá gun ọ̀kadà lọ wò ó. Sìdíkátù da apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan sí i, ariwo sọ, omi tú, ẹ̀gẹ́ sì ń bọ́ jáde ní funfun báláú, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn obìnrin hó yèè. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n yí i wò dáadáa bí ẹni ń wá àléébù. Wọn ò rí i. Wọ́n rọra jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀, ẹ̀rín gbà wọ́n lẹ́nu.

"Sìdíkátù," ni wọ́n wí, "kí ni kí n wá máa fi ọwọ́ mi ṣe báyìí?"